Ẹ Bi Wolé-Wolé: Ta Ló Ni Pàǹtírí Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Yín?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá mo kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ dọ́sìbìn tí ò lọ́mọrí níbí, lẹ́tà tó tìdí ẹ̀ wọlé pọ̀ débi pé olóòtú ní kí n fi gbogbo àyè tèmi dá yín lóhùn. Fún ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé, iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi ọdún 28 ṣe ní káńsù kan l'Ékòó kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára gan-an. Mo mú lẹ́tà 6, mo gé àwọn kan kúrú díẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ lè gba ojú ewé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o màmá. Mushin ni mò ń gbé, ìdílé mẹ́jọ la wà nínú ilé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mọ́tò PSP tó ń kó ìdọ̀tí ò yọjú sí àdúgbò wa, ìdin ti ń rìn jáde nínú dọ́sìbìn, ṣùgbọ́n bíìlì tiwọn ò pẹ́ rí, kóṣù tó parí ló ti dé. Mo lọ sí káńsù, wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, kí n lọ bá LAWMA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ìdọ̀tí. Ta ló yẹ ká dì mú gan-an? (Ayálégbé, Mushin)

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ilé tó ní ọmọ kékeré, tí ìdin wá ń rìn lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi síbì kan dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Jẹ́ n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Tó o bá ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó o lọ sí àfikún kẹrin níparí ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí, ilé ìgbẹ́ ìta àti kíkó pàǹtírí dànù wà níbẹ̀ kedere. Torí náà ẹni tó ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn yẹn kò sọ òótọ́ délẹ̀. Ṣùgbọ́n kò parọ́ tán náà, torí pé l'Ékòó ọ̀rọ̀ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ káńsù tipẹ́tipẹ́. Nígbà tá a wà lọ́mọdé káńsù ló ń kó o, ìlú wá ń fẹ̀, èrò ń ya wọlé látìgbà tí owó epo ti dé, agbára káńsù ò ká a mọ́, ilẹ̀ tí wọ́n gbá wá di òkè lójú títì. Ọdún 1977, ọdún FESTAC yẹn náà, ni ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ tí á máa kó o sílẹ̀, àjọ yẹn ń pààrọ̀ orúkọ títí tó fi di LAWMA ní 1991. Nígbà tó yá òun náà ò dá a gbé, wọ́n pe àwọn aládàáni wọlé, àwọn yẹn la wá ń pè ní PSP títí dòní. Ìgbà kan tún wà, ní 2017, tí wọ́n ní káwọn PSP fi ilé gbígbé sílẹ̀ torí ètò tuntun kan tí wọ́n pè ní Cleaner Lagos, gbogbo wa la rí bí ìlú ṣe rí lọ́dún yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e, kó tó di pé wọ́n dá PSP padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ rèé. LAWMA ló ń pín àdúgbò fún PSP, PSP kan ni wọ́n máa ń fún ní àdúgbò kan, kò sẹ́lòmíì tó lè wọbẹ̀ wá kó o. Tí mọ́tò ò bá wá, LAWMA lẹ máa fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ nìkan. Kẹ́ ẹ kó ara yín jọ nínú ilé yẹn, ìdílé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ kọ déètì tí mọ́tò wá kẹ́yìn, ẹ kọ déètì tí bíìlì dé, ẹ fi fọ́tò sí i, kí láńlọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i, torí orúkọ ilé ni bíìlì máa ń jẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ kan fún káńsù, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn wolé-wolé wọn ní ẹ̀ka ìlera àyíká. Mo mọ nǹkan tí mò ń sọ, lẹ́tà tí èèyàn kan mú wá máa ń sùn sábẹ́ fáìlì, èyí tí odindi ilé fọwọ́ sí ni ọ̀gá máa ń ní ká lọ wò. Ẹ má sì kàn dákẹ́ kẹ́ ẹ má sanwó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ìdí tẹ́ ò fi san, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yin ni wọ́n máa pè ní ajẹgbèsè.

Kánsẹ́lọ̀ yín náà ń kọ́? Ní 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Ẹ lọ bi í pé kí làwọn ń ṣe sí gọ́tà àti ìdọ̀tí ọjà nínú wọ́ọ̀dù yín. Kò sí ìwà àfojúdi nínú ìyẹn, iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an ni.

Kó tó dìgbà tí wọ́n á dáhùn, ọ̀rọ̀ ìdin yẹn, ọwọ́ yín ló wà. Ìdin kì í wá jẹ ike, kì í wá jẹ páálí. Èèpo iṣu, omi ẹja, ìrẹsì àná, ìyẹn ló tìtorí ẹ̀ wá. Tí nǹkan tútù ò bá bá nǹkan gbígbẹ pọ̀ nínú dọ́sìbìn kan náà, kí mọ́tò pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á bí yín nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní rà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é wà nínú ìdáhùn tó tẹ̀ lé èyí.

ÌBÉÈRÈ: Màmá mi, mò ń ta oúnjẹ l'Ágége, ìrẹsì, ẹ̀wà, àmàlà. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí mo ń rí àwọn tó ń ra ike òfìfo lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n ń wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n. Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn lè rówó nínú ilẹ̀ tá a gbá? Mi ò ní àyè púpọ̀ o, ìsọ̀ mi ò ju kékeré lọ. Àwọn kọ́sítọ́mà mi sì ń bínú pé mi ò fi abọ́ fóòmù funfun di oúnjẹ fún wọn mọ́, ṣé òfin yẹn ṣì wà? (Olóúnjẹ, Agége)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, ìyá olóúnjẹ. Inú mi dùn sí lẹ́tà yín torí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an lẹ bi mí.

Àwọn àgbà ní àkìtàn kì í kọ ilẹ̀ kílẹ̀. Òótọ́ ni, láyé tiwọn. Kí ló wà nínú ilẹ̀ tí ìyá wa àgbà ń gbá dà sẹ́yìnkùlé? Eérú, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, ewé gbòdògì tí wọ́n fi sè mọ́ín-mọ́ín, ìgbẹ́ adìẹ. Kó tó dọdún tó ń bọ̀ gbogbo ẹ̀ ti di ilẹ̀dú, ilá àti tẹ̀tẹ̀ tó bá hù níbẹ̀ máa ń sanra ju ti oko lọ. Àkìtàn ìgbà yẹn ń jẹ, ó ń dà. Àkìtàn tiwa ò lè da ọ̀rá, torí náà ó kàn ń ga sókè ni. LAWMA fúnra wọn máa ń sọ pé pàǹtírí tó ń jáde l'Ékòó tó 13,000 tọ́ọ̀nù lójúmọ́ kan. Lójúmọ́ kan o! Ibi tí púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Olúṣòsùn l'Ójọ̀ọ́tà, ẹ̀bá ìlú ló wà nígbà yẹn, ìlú ti wá yí i ká báyìí. Ní oṣù kẹta 2018 ó gbaná, èéfín bo gbogbo agbègbè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ló fà á tí àkìtàn ṣe ń gbaná bẹ́ẹ̀? Oúnjẹ tó ń jẹrà lábẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé máa ń mú gáàsì jáde, ike àti ọ̀rá tó wà lórí ẹ̀ sì ni igi ìdáná. Tútù àti gbígbẹ tá a pa pọ̀ láti ilé ló lọ pàdé ara wọn lọ́hùn-ún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ilé ìdáná ni wọ́n ti ń tún ìlú ṣe. Mọ́tò tó ń kó o máa ń fún un pọ̀ ni, ìgò ike tí omi ọbẹ̀ ti ta sí, tí èèpo ti lẹ̀ mọ́, tí eérú ti wọ̀, kò sẹ́ni tó máa fowó rà á, páálí tó ti mu omi ti bàjẹ́ nìyẹn. Nǹkan kan náà, tó bá jẹ́ pé nílé lẹ ti yà á sọ́tọ̀, ọjà ni.

Ẹ ò nílò àyè púpọ̀. Korobá olómọrí kan fún tútù, àpò ìrẹsì òfìfo méjì fún gbígbẹ, ẹ fi wọ́n kọ́ sára ògiri. Korobá tútù yẹn, àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ wà káàkiri Agége, wọ́n á máa wá gbé e láàárọ̀, wọ́n tiẹ̀ lè máa san nǹkan fún yín torí oúnjẹ tó ń ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ yín pọ̀. Àpò kìíní fún ike, ìgò omi àti ti mínírà, ẹ da èyí tó kù nínú ẹ̀ nù, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ yọ ìdérí sọ́tọ̀ torí ike tí wọ́n fi ṣe ìdérí yàtọ̀ sí ti ara ìgò, wọn kì í yọ́ ọ pọ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí kọ́sítọ́mà mu sílẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n gbẹ, ẹ kó o sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, òun náà ń tà. Àpò kejì fún agolo àti páálí. Nínú agolo náà, owó ò dọ́gba, ẹ wá irin òòfà kan, èyí tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, agolo tí òòfà ò bá mú, alumíníọ́mù nìyẹn, ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sọ́tọ̀ torí owó ẹ̀ ga. Ìkòkò tẹ́ ẹ fi ń se ẹ̀wà yẹn gan-an, ó ṣeé ṣe kó ti jẹ́ agolo rí, àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣàkì ti ń yọ́ irú ẹ̀ dà ní ìkòkò tipẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ ìlú wọn ni. Ìgò ike náà, wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á yọ́ ọ, á di bí òwú tí wọ́n ń kì sínú pílò.

Àwọn tẹ́ ẹ rí tó ń wọ̀n ọ́n yẹn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Láti 2012 làwọn Wecyclers ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ni wọ́n fi ń wọ àwọn àdúgbò tí mọ́tò ò lè wọ̀, ẹni tó bá kó ike fún wọn ń gba póìǹtì, ó fi ń gba ẹ̀bùn. LAWMA náà ti ní áàpù kan tí wọ́n ń pè ní PAKAM, ẹ lè fi pe ẹni tí á wá gbé tiyín. Tí ò bá sí fóònù ńlá lọ́wọ́ yín, bàbá bọ́lá tó ń ti ọmọlanke kọjá náà ń rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa lé àwọn èèyàn yìí bí olè. Ìjọba Èkó ti kéde léraléra pé àwọn ò fẹ́ ọmọlanke tó ń gba ìdọ̀tí lọ́wọ́ onílé torí àwọn kan máa ń lọ dà á sí gọ́tà lóru, mo fara mọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra irin àti ike yàtọ̀ sẹ́ni tó ń gbowó kó ìdọ̀tí, òun ń dín ẹrù àkìtàn kù ni, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Ọ̀rọ̀ abọ́ fóòmù, bẹ́ẹ̀ ni, òfin náà ṣì wà. Oṣù kìíní 2024 ni wọ́n kéde ẹ̀, nígbà tó sì di 1 oṣù keje 2025 wọ́n fi sítírọ́ọ̀, kọ́ọ̀pù àti ṣíbí ike àlòsọnù, pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un. Ẹ sọ fáwọn kọ́sítọ́mà yín kí wọ́n máa mú kúlà wá, ẹ máa bu ṣíbí kan lé e fẹ́ni tó bá mú tiẹ̀ wá, ẹ ó rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo wọn á ti máa rù ú bọ̀. Ẹ̀wà tàbí ìrẹsì tẹ́ ẹ fi ewé eéran dì, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ sọ fún mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni alága àwọn láńlọ́ọ̀dù ní àdúgbò wa n'Íbàdàn. Ohun tó ń ṣe wá ni pé tí òjò bá ti ṣú, àwọn èèyàn á sáré gbé ìdọ̀tí wọn jáde, wọ́n á dà á sójú gọ́tà kí omi lè gbé e lọ. Àwọn mìíràn ń lọ kó o sáàárín títì lóru. Mo ń rò ó pé kí ìjọba dá sanitéṣọ̀n ọjọ́ Sátidé padà kó le koko bíi ti ayé Buhari àti Ìdíàgbọn. Kí lẹ rí sí i? (Alága, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o bàbá. Omi ò gbé e lọ, ilé ẹlòmíì ló gbé e lọ. N'Íbàdàn kọ́ ló yẹ ká ti máa ṣàlàyé èyí o, ìlú tí wọ́n ń ka ọjọ́ orí ọmọ mọ́ omíyalé! Ní 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé òkú, ó gbé mọ́tò. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011 ó tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí tó lọ lé ní 100, afárá ya káàkiri. Òjò yẹn pọ̀ lóòótọ́, àwọn èèyàn sì ti kọ́lé sójú odò, ṣùgbọ́n odò tí ìdọ̀tí ti dí lọ́nà ọ̀fun, níbo ló fẹ́ gbà?

Sanitéṣọ̀n yẹn, mo ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wọ yunifọ́ọ̀mù lọ wo ilé onílé ní aago méje àárọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ tí ojú mi rí fún yín. Àwọn èèyàn á gbẹ́ gọ́tà dáadáa, wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá tí wọ́n gbẹ́ jáde jọ sẹ́bàá gọ́tà, wọ́n á lọ wẹ̀. Kò sí mọ́tò tó máa wá kó o. Tó bá máa fi di Wẹ́sìdeè, òjò ti gbá gbogbo ẹ̀ padà sínú gọ́tà kan náà, oṣù tó ń bọ̀ a tún pàdé ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ wá sọ ní 2015 pé kò sí òfin tó ní ká sé èèyàn mọ́lé fún wákàtí mẹ́ta, tí Èkó fi pa á tì ní 2016, àwọn kan sunkún, èmi ò sunkún. Kí mọ́tò kọ́kọ́ wà, ká tó sọ pé kéèyàn dúró sílé.

Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín Ìbàdàn láàárín ara wọn. Gọ́tà ò mọ ààlà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ káńsù kan, kó dí lábẹ́ èkejì, kó sì wọ yàrá èèyàn lábẹ́ ẹ̀kẹta, alága kọ̀ọ̀kan á wá máa sọ pé tòun mọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń dà á sí náà, Lápité, Àjàkáńgà, Àbá Ẹ̀kú, Awọ́tàn, gbogbo ẹ̀ ló jìnnà sáàárín ìlú, ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn Ọjà'ba kò lè gbé apẹ̀rẹ̀ débẹ̀. Ẹni tí ò ríbi dà á sí ló ń dà á sójú títì. Mi ò fi ìyẹn gbè wọ́n lẹ́yìn o, mò ń sọ ibi tó ti wọ́ wá ni.

Ohun tí ẹgbẹ́ yín lè ṣe lónìí: ẹ dá owó, ẹ gba ẹni tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti máa kó o ní ọjọ́ kan pàtó láàárín ọ̀sẹ̀, kí gbogbo ilé gbé tiwọn síta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan, kì í ṣe lálẹ́ tí ajá á tú u. Ẹ gba ọmọ àdúgbò méjì tí iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n dúró lójú gọ́tà tí òjò bá ti ṣú. Ìdọ̀tí ewé àti èèpo, ẹ wá àyè kan sí i lẹ́bàá àdúgbò, ẹ máa fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, kó di ajílẹ̀. Ìbàdàn kúkú ti ṣe é rí tẹ́lẹ̀, ìgbẹ́ màlúù odò ẹran Bódìjà àti ìdọ̀tí ọjà ibẹ̀ ni wọ́n ń pò pọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe ajílẹ̀ Pacesetter fáwọn àgbẹ̀. Ìdọ̀tí ọjà o, tó di àgbàdo lóko.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú déédéé ìwòyí. London ni mo wà. Màmá ọkọ mi wá bá wa tọ́jú ọmọ láti Abẹ́òkúta, gbogbo páńpásì ọmọ ni wọ́n ń kó sínú bíìnì rìsáíkílìn torí wọ́n ní èkejì ti kún jù. Káńsù wá lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn, wọn ò gbé e, wọ́n fi sílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún màmá láìjẹ́ pé mo rí wọn fín. Àti pé kí ló dé tí káńsù ò lè kàn yọ páńpásì yẹn kúrò? Council tax, owó orí ilé, là ń san. (Ìyá ọmọ tuntun, London)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó. Ẹ má bá màmá wí rárá. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tó ń kó gbogbo ẹ̀ papọ̀ sínú dọ́sìbìn kan, tó dé e, tó gbé e síta, onímọ̀ọ́tótó gidi nìyẹn. Ẹ kàn sọ fún wọn pé, "Màmá, níbí, tà ni wọ́n ń ta èyí tó wà nínú bíìnì yẹn, tí ìgbẹ́ ọmọ bá kàn án wọn ò ní rí i tà." Ìyá ọlọ́jà ni wọ́n, á yé wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ sì fi màkà ya àwòrán sára ọmọrí ẹ̀, ìgò àti páálí lára ọ̀kan, páńpásì lára èkejì.

Ìdí tí wọn ò fi yọ ọ́ nìyí. Lábẹ́ òfin 1990 tó wà lọ́hùn-ún, dandan ni kí káńsù wá kó ìdọ̀tí ilé yín, ṣùgbọ́n òfin kan náà fún wọn láṣẹ láti sọ irú bíìnì tẹ́ ẹ máa lò àti ohun tó yẹ kó wọnú ẹ̀. Àwọn tó ń gbé e ò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà máa ṣà á. Tí wọ́n bá dà á mọ́ ti àdúgbò, á lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan tí bẹ́líìtì ti ń gbé e kọjá, ẹ̀rọ ló ń ya púpọ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn náà dúró síbẹ̀ tó ń fọwọ́ yọ èyí tí ẹ̀rọ ò mọ̀. Ọmọ ẹnìkan ni yẹn náà. Tí ìdọ̀tí inú ẹ̀ bá ti pọ̀ jù, wọ́n lè kọ odindi ẹrù mọ́tò kan, káńsù á wá sanwó láti lọ sun ún, owó yẹn á jáde látinú council tax tẹ́ ẹ ń sọ yẹn.

London ní káńsù 33 tẹ́ ẹ bá ka City of London mọ́ ọn, àwọ̀ bíìnì wọn ò bára mu, torí náà ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín tó wà ní borough kejì ṣe, ẹ wo ti káńsù yín. Ṣùgbọ́n nǹkan ń sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀, òfin tuntun England ní kó tó di 31 oṣù kẹta 2026 kí àwọn káńsù máa gba oúnjẹ tó ṣẹ́ kù lọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn ni mo máa ń gbóríyìn fún jù, torí tútù kúrò lára gbígbẹ náà ni.

Ẹ gbọ́ eléyìí náà kí n má gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé mátíráàsì tàbí fíríìjì jù nù, ẹ má kàn fún ẹni tó ń fi fáànù kọjá tó ní kẹ́ ẹ mú owó péréte wá. Ẹ bi í ní láísẹ́ǹsì ẹ̀. Tó bá lọ jù ú sẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n rí lẹ́tà tó lórúkọ yín nínú ẹ̀, káńsù lè ní kẹ́ ẹ san fáìnì tó lè tó £600, nígbà tí ẹni tó jù ú gan-an lè san tó £1,000. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá lójijì.

ÌBÉÈRÈ: Láńlọ́ọ̀dù wa máa ń sun gbogbo ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé lálaalẹ́ torí kò fẹ́ san PSP. Ọmọ mi ní ikọ́ fée. Wọ́n ní eérú ẹ̀ dára fún ilẹ̀. (Ìyá ọmọ mẹ́ta, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Eérú igi dára fún ilẹ̀. Eérú ọ̀rá, ike àti wáyà ò dára fún nǹkan kan, èéfín ẹ̀ sì jẹ́ májèlé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ọmọ oníkọ́ fée ò gbọ́dọ̀ mí i símú rárá. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá bàbá pẹ̀lú sùúrù, kí ìyá àgbà kan nínú ilé tẹ̀ lé yín, ẹ sọ ti ọmọ fún wọn. Tí wọn ò bá gbọ́, ẹ lọ bá wolé-wolé káńsù, wọ́n láṣẹ láti wọlé wá kìlọ̀ fún un, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ń ba ilé jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, bátìrì tó ti kú, gílóòbù tó fọ́, abẹ́rẹ́ tí bàbá mi fi ń gún ara wọn nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ibo la máa jù wọ́n sí? (Ọmọ iléèwé, Ọ̀ṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ọmọ dáadáa, o ṣeun tó o bèèrè. Bátìrì, má jù ú síná, ó lè bú, má sì jù ú sẹ́bàá kànga. Tọ́jú ẹ̀ sínú agolo gbígbẹ, tó bá pọ̀ díẹ̀, mú un fáwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, ní pàtàkì ti mọ́tò àti ti ínfátà, wọ́n ń rà wọ́n, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ lójú yín láti yọ òjé inú ẹ̀, òjé yẹn máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Abẹ́rẹ́ bàbá, ike tó nípọn ni kẹ́ ẹ máa jù ú sí, irú èyí tí ọṣẹ olómi wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ dé e pa, tó bá ti fẹ́ẹ̀ kún kí bàbá mú un lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń gbàtọ́jú, àwọn náà ní ibi tí wọ́n ń kó tiwọn sí. Gílóòbù àti ìgò tó fọ́, fi bébà ìròyìn wé e nípọn, kó o sínú páálí, fi téèpù lẹ̀ ẹ́, kó o wá fi màkà kọ ÌGÒ FÍFỌ́ gàdàgbà sára ẹ̀. Mo ti rí ọwọ́ àwọn tó ń kó ìdọ̀tí lẹ́yìn mọ́tò, púpọ̀ nínú wọn ò ní gúlọ́ọ̀fù. Gbé páálí yẹn lé wọn lọ́wọ́ fúnra ẹ láàárọ̀, má jù ú sínú dọ́sìbìn.